Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ orí láptọ́ọ̀pù lọ síbi tẹ́ ẹ ti jẹ́ àlejò: ìtọ́sọ́nà láti Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan ni mò ń gbọ́ ṣáá láti bí oṣù mélòó kan, láti Kàbà níbí ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Ìsánlú, láti Mópà, àbúrò kan tiẹ̀ pè mí láti Ẹ̀gbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé nígbà tí mo ti fẹ́ sùn: "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ àwọn lókè òkun, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣé mo lè máa bá iṣẹ́ mi lọ níbẹ̀ àbí wọ́n á dá mi padà?" Mo ti fi ohùn dáhùn rẹ̀ lórí WhatsApp lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó lè ba pásípọ́ọ̀tù èèyàn jẹ́ ni, kò yẹ kéèyàn gbọ́ ìdajì ẹ̀ kó sì gbéra, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, méjì nínú wọn wà ní Calgary ní Kánádà, ọ̀kan wà ní Ọsirélíà. Inú yàrá kan lẹ́yìn ilé bàbá mi ni mo ti ń ṣe é, sólà wà lórí páànù, ínfátà wà lábẹ́ tábìlì. Mo ti fi físà àlejò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Leeds lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti gbé láptọ́ọ̀pù yìí kan náà lọ Kùtọnu àti Accra.

Kí n tó dárúkọ ìlú kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí látilé wa. Ìyá kan láti Bùnú wá kí ọmọ ẹ̀ ní Kàbà, ó gbé òwú tó ń ran lọ́wọ́ wá látilé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ó ń ran án. Ta ló máa bá a jà? Kò sí. Ṣùgbọ́n tí ìyá yìí bá dìde lọ́jọ́ kejì tó lọ tẹ́ igbá sínú ọjà tó ń polówó, àwọn ìyálọ́jà á bi í pé ta ló fún un láyè. Bí òfin físà àlejò ṣe rí gan-an nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ìlú. Kì í ṣe bóyá ẹ ṣí láptọ́ọ̀pù ló ń dùn wọ́n. Ohun tí wọ́n ń wò ni ta ló ń sanwó fún yín, ibo lẹni náà wà, kí lẹ bá wá sí ìlú àwọn, àti ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò. Ìbéèrè mẹ́rin yìí, ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, kẹ́ ẹ kọ ìdáhùn síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún físà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ohun tí ìlú tẹ́ ẹ ń lọ sọ

UK ni mo mọ̀ jù. Láti 31 January 2024 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin wọn gbangba pé àlejò lè máa ṣe iṣẹ́ tó ti ní nílé láti ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ pé torí iṣẹ́ yẹn gan-an ló ṣe wá. Ẹ ka apá ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì o. Ohun tó gbé yín lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan míì: ẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ síbi ìgbéyàwó, ẹ lọ ṣe ìkómọ, ẹ lọ wo ìlú. Iṣẹ́ kàn bá yín lọ ni. Oṣù 6 ni àlejò sábà máa ń rí gbà lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹni tó bá lo oṣù 6, tó wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó tún fẹ́ padà lọ lo oṣù 6 míì, wọ́n á ní ṣe ló ń gbé ìlú àwọn, físà àlejò ò sì gba ìyẹn. Ohun kejì ni pé ẹ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní UK, ẹ ò gbọdọ̀ dá òwò sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ tajà tàbí ta iṣẹ́ ọwọ́ yín fáwọn èèyàn ibẹ̀. Kódà iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ wọn wà nínú ohun tí wọ́n kọ̀.

Kánádà náà ti sọ tiwọn síta: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn fún ọ̀gá tó wà lẹ́yìn odi Kánádà, físà àlejò tó fún un, títí dé oṣù 6 lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í. Àwọn kọ́sítọ́mà mi méjì ní Calgary, tí mo bá wà ní Kàbà tí mò ń ṣe ìwé wọn, kò sí wàhálà. Tí mo bá wà ní Leeds tí mò ń ṣe é, kò sí wàhálà, torí wọn kì í ṣe ará UK. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọ Calgary fúnra mi pẹ̀lú físà àlejò, tí mo jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ṣe iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Kánádà lórí ilẹ̀ Kánádà ti dé nìyẹn, ó ti bọ́ sínú ohun tó ń fẹ́ páálí iṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà, láptọ́ọ̀pù kan náà, owó kan náà! Ibi tí kọ́sítọ́mà wà àti ibi tí ìdí mi fìdí kalẹ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ní kí n wá ká jọ rí ara wa, mo sọ fún un pé tí mo bá máa wá, ìsinmi ni mo máa gbà fún gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò ní fọwọ́ kan ìwé ẹ̀.

Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá pẹ̀lú físà àlejò. Kò sí ìlà kan nínú òfin àlejò wọn tó ṣílẹ̀kùn fún un bíi ti UK. Òfin owó orí wọn náà le: ibi tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ṣe iṣẹ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí owó wọlé sí, nítorí náà iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ní Houston, owó Amẹ́ríkà ni wọ́n kà á sí, kódà kó jẹ́ inú ákáǹtì yín ní Kàbà ló balẹ̀ sí. Ẹ tún rántí pé ọjọ́ tí físà yín máa parí kọ́ ni ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kúrò. Ọjọ́ tó wà lórí I-94, ìwé àkọsílẹ̀ ìwọlé yín tẹ́ ẹ lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wọlé, òun ni kẹ́ ẹ dì mú.

Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ti Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, bíi Faransé, Jámánì, Ítálì, ọjọ́ 90 ni nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí, gbogbo wọn lápapọ̀ ni o, kì í ṣe 90 ní Faransé kẹ́ ẹ wá lọ bẹ̀rẹ̀ 90 míì ní Jámánì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde, méjèèjì ni wọ́n ń kà. Láti 12 October 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ ka ọjọ́ yìí, wọ́n ń gba ìka àti àwòrán ojú ní bọ́dà, ẹni tó rò pé òǹtẹ̀ tí ò hàn dáadáa máa bo òun, ìgbà yẹn ti lọ. Lórí iṣẹ́, òfin ìlú kọ̀ọ̀kan ni, ẹ ka ti ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an lórí ojú ìwé ìjọba wọn, ẹ má gba ti ẹni tó lọ ibòmíì.

New Zealand jìnnà sí wa, àmọ́ kí n má gbàgbé: láti 27 January 2025 ni wọ́n ti fàyè gba àlejò láti ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó wà lẹ́yìn odi.

Ní ti àwọn tí owó físà òyìnbó ò tíì sí lọ́wọ́ wọn, ẹ má fojú kéré ìtòsí. Pásípọ́ọ̀tù wa gbé wa wọ orílẹ̀-èdè ECOWAS láìsí físà títí dé ọjọ́ 90. Gánà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Sẹ̀nẹ̀gà, gbogbo wọn wà níbẹ̀. (Málì, Burkina Faso àti Nìjẹ̀r ti jáde nínú ECOWAS ní January 2025, ẹ má lo òfin àtijọ́ fún wọn.) Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Kùtọnu, inú mi dùn gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi Yorùbá ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ìyá tó wá láti Kétu. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù yín ní Sẹ̀mẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Awakọ̀ á sọ fún yín pé kò pọn dandan, á ní òun mọ ọ̀gá ibẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ tò sórí ìlà. Ẹni tí ò ní òǹtẹ̀ ìwọlé, kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó dé, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ló lè bọ́ sí. Ẹ má sì gbàgbé káàdì yẹ́lò fífà, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò ṣeé fi sílẹ̀ di ọjọ́ ìrìn-àjò.

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn gan-an lẹ fẹ́ lọ gbé ṣe níbẹ̀ fún ọdún kan, ẹ jáwọ́ nínú físà àlejò, kẹ́ ẹ wá físà tí wọ́n ṣe fún irú yín. Estonia bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2020. Ti Portugal, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tó ń wọlé lóṣù tó ìlọ́po 4 owó oṣù tó kéré jù níbẹ̀. Ti Spain jẹ́ ìlọ́po 2, fríláńsà (ẹni tó ń dá iṣẹ́ ṣe fúnra ẹ̀) lè ní kọ́sítọ́mà Spain díẹ̀ àmọ́ kò gbọdọ̀ ju 20% lọ nínú iṣẹ́ ẹ̀. Dubai ní tiwọn tó jẹ́ ọdún kan, $3,500 lóṣù ni wọ́n ń bèèrè ẹ̀rí ẹ̀. Thailand bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DTV ní 2024, ó ń lo ọdún 5, ọjọ́ 180 lẹ́ẹ̀kan téèyàn bá wọlé, 500,000 baht ni wọ́n fẹ́ rí ní báńkì. Owó ńlá ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kéèyàn mọ iye tí ilẹ̀kùn gidi ń béèrè ju kó máa gba ojú fèrèsé lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: páálí, láti oṣù mẹ́fà ṣáájú

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wọ́n máa ń kọ̀ fún àwa fríláńsà, ohun tó sì sábà máa ń fà á ni pé a kì í kó ẹ̀rí jọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja á mú lẹ́tà ọ̀gá ẹ̀ lọ, ó tán. Àwa ńkọ́? Owó wọlé láti ibi mẹ́ta, ọ̀kan gba ọwọ́ Payoneer tó ń bá èèyàn gba owó láti òkè òkun, ọ̀kan gba dọ́là ákáǹtì, ẹni tó ń wo sítéétímẹ́ǹtì ò mọ ibi tó ti ń bọ̀, ó sì kọ̀ ọ́.

Torí náà, láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ jẹ́ kí gbogbo owó iṣẹ́ máa balẹ̀ sínú ákáǹtì kan ṣoṣo. Ẹ máa kọ ìnfọ́ìsì fún gbogbo iṣẹ́, kódà fún kọ́sítọ́mà tó ti di ọ̀rẹ́ yín, kẹ́ ẹ fún un ní nọ́ḿbà, kí iye tó wà lórí ìnfọ́ìsì bá iye tó wọ báńkì mu, tí wọ́n bá ti yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ lọ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ò nílò láti dé Abuja. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bẹ kọ́sítọ́mà kan tàbí méjì fún lẹ́tà. Ohun tí mo ní kí ti èmi kọ sínú lẹ́tà yìí kò gùn: pé mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọdún báyìí, pé Nàìjíríà ni mo ń gbé tí mo sì ti ń ṣe é, pé ọ̀nà jíjìn ni gbogbo ẹ̀, pé àwọn mọ̀ pé mò ń lọ kí ẹbí mi láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, pé iṣẹ́ mi ṣì wà nígbà tí mo bá padà dé ilé. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ń sọ pé ẹ máa padà.

Ẹ mú ohun tó so yín mọ́ ilé: ìwé ilẹ̀ bó bá wà, ìwé ọmọ níléèwé, ìwé ìgbéyàwó. Ẹni tó ń gbà yín lálejò náà á kọ lẹ́tà, á fi ẹ̀rí ibi tó ń gbé sí i.

Pásípọ́ọ̀tù, ẹ wò ó dáadáa pé ó ṣì ju oṣù 6 lọ. Láti September 2025 ni olójú-ewé 32 ti ọdún 5 ti di ₦100,000, olójú-ewé 64 ti ọdún 10 di ₦200,000, Lọ́kọ́ja lọ́fíìsì tó sún mọ́ wa wà. Ìtẹ̀ka físà UK, Abuja ni ó sún mọ́ wa jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn Lọ́kọ́ja tàbí Abuja lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ má fi òru gba ọ̀nà Ọ̀bàjànà nítorí àpọ́íńtímẹ́ǹtì aago mẹ́jọ àárọ̀. Kò sí físà tó tó ẹ̀mí yín.

Tí fọ́ọ̀mù bá bi yín níbi tó ti ń béèrè ohun tẹ́ ẹ máa ṣe níbẹ̀, ẹ kọ òtítọ́ lódindi: mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ 5, mo máa ń dáhùn iṣẹ́ mi fún wákàtí díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kọ́sítọ́mà mi ò sí ní UK. Irọ́ nínú fọ́ọ̀mù UK lè mú kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ èèyàn fún ọdún 10. Òtítọ́ tó wà nínú òfin, kí ló dé téèyàn á fi bò ó?

Ìgbésẹ̀ kẹta: síìmù, owó, àti OTP

Ibí ni mo ti jìyà, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìrìn àkọ́kọ́ tí mo lọ Leeds, mo fi síìmù mi sílẹ̀ nínú fóònù kékeré kan nílé, mo ní kò sóhun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ kẹrin tí mo débẹ̀, kọ́sítọ́mà sanwó, mo fẹ́ yọ díẹ̀ ránṣẹ́ sílé fún oògùn bàbá mi, áàpù báńkì rí i pé fóònù mi wà níbi tí kò mọ̀, ó ní òun ti fi OTP ránṣẹ́, nọ́ḿbà mẹ́fà téèyàn fi ń jẹ́rìí pé òun ni. Ibo ló ránṣẹ́ sí? Orí fóònù kékeré nínú dúrọ́ọ̀ ní Kàbà. Mo pe àbúrò mi ọkùnrin, ó ti lọ Ìyàrá. Ìyá mi ló wá gbé fóònù náà, ó wọ jígí ẹ̀, ó ń ka nọ́ḿbà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, "mẹ́rin… òdo… dúró, iná ti lọ", kó tó tan tọ́ọ̀ṣì padà, ìṣẹ́jú márùn-ún ti kọjá, nọ́ḿbà ti kú. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin báńkì ti ákáǹtì pa, wọ́n ní àfi kí n wá sí ẹ̀ka fúnra mi. Títí mo fi padà délé ni owó mi fi wà níbẹ̀ tí mi ò lè fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n mi ló fowó ẹ̀ ra oògùn náà.

Nítorí náà: ẹ gbé síìmù Nàìjíríà yín dání, ẹ pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ tó lọ kí wọ́n tan roaming fún un kó lè ṣiṣẹ́ lókè òkun, ẹ fi owó díẹ̀ sí i, ẹ pa dátà orí ẹ̀ kó má jẹ owó yín, kó kàn máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan. Ibi tí wọ́n bá ti gbà yín láyè láti lo áàpù tó ń pèsè nọ́ḿbà lórí fóònù dípò àtẹ̀jíṣẹ́, bíi Google Authenticator, ẹ yí sí i kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Àwọn nọ́ḿbà ìgbàlà tí Google àti àwọn mìíràn ń fúnni, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ yín, ẹ̀dà kan nílé. Ẹ lọ sí báńkì, ẹ sọ fún wọn ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ àti ìlú tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹ béèrè iye tí káàdì náírà yín lè ná lóṣù lẹ́yìn odi, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn gan-an. Ẹ má gbé gbogbo owó sí ibì kan: díẹ̀ lórí káàdì dọ́là, díẹ̀ lọ́wọ́, díẹ̀ lọ́dọ̀ Payoneer tàbí èyí tẹ́ ẹ ń lò.

Lórí Upwork, Fiverr àti irú wọn tí fríláńsà ti ń rí iṣẹ́, àdírẹ́sì yín kì í yí padà torí pé ẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n. Ilé ni ilé. Ẹ má lọ fi àdírẹ́sì Leeds sí i. Ẹ má sì fi VPN (áàpù tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́) purọ́ pé Kàbà lẹ ṣì wà, ẹ̀rọ wọn ń rí i, ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ VPN lè pàdánù ákáǹtì tó ti kọ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń dáhùn kọ́sítọ́mà lórí ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ń rìnrìn-àjò láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Ìlà mẹ́ta ló gbà mí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: láptọ́ọ̀pù àti iná

Eléyìí kò gùn. Ẹ yí ṣájà láptọ́ọ̀pù yín padà kẹ́ ẹ ka lẹ́tà kékeré ẹ̀yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí INPUT 100-240V, kò sí ìlú tí kò lè ṣiṣẹ́, orí ẹ̀ nìkan lẹ máa rà. UK ń lo ẹnu mẹ́ta bíi tiwa, Gánà náà ní i. Faransé àti Jámánì ń lo ẹnu méjì roboto, Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lo ẹnu méjì pẹlẹbẹ. Ẹ ra orí yìí látilé, owó gọbọi ni wọ́n ń tà á ní èápọ́ọ̀tù.

Ẹ kó ìwé kọ́sítọ́mà sórí dírááfù tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ má ṣí i lórí wáìfáì ọ̀fẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin. Hótísípọ́ọ̀tì fóònù yín ló dáa jù.

Aago náà: Nàìjíríà kì í yí aago padà, UK ń yí i. Nígbà òtútù wákàtí kan la fi ṣáájú wọn, nígbà ooru a dọ́gba. Calgary ní tiẹ̀, wákàtí 8 ló fi wà lẹ́yìn Kàbà nígbà òtútù, wákàtí 7 nígbà ooru. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà, ẹ kọ aago tiwọn sí i kì í ṣe tiyín nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: níwájú ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n

Ẹ̀rù máa ń bà wá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló sì máa ń sọ̀rọ̀ jù nígbà tẹ́rù bá ń bà wá. Ohun tó bá bi yín ni kẹ́ ẹ dáhùn. Kí lẹ wá ṣe? "Mo wá kí ẹ̀gbọ́n mi." Ọjọ́ mélòó? "Ọ̀sẹ̀ 5, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ mi rèé." Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? "Mò ń ṣe ìṣirò owó láti Nàìjíríà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Kánádà àti Ọsirélíà." Ṣé ẹ máa ṣiṣẹ́ níbí? "Mo lè dáhùn ímeèlì àti iṣẹ́ díẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́mà mi tẹ́lẹ̀, mi ò ní kọ́sítọ́mà kankan ní UK." Mo sọ ọ́ báyìí gan-an, ó wo lẹ́tà mi, ó tẹ òǹtẹ̀.

Ohun tó ń kó bá àwọn èèyàn wa ni fóònù. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn wò ó. Tí ọ̀rọ̀ kan bá wà lórí WhatsApp yín tí bọ̀dá kan ti ń sọ pé "tóo bá ti dé, mo ti bá ẹ wá iṣẹ́ sílé ìtọ́jú arúgbó", gbogbo páálí ọwọ́ yín ti di ìwé lásán. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ o. Kẹ́ ẹ má gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tẹ́ ẹ bá ti wà níbẹ̀

Mo máa ń jí ní aago márùn-ún, mo ṣe wákàtí mẹ́ta kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jí, ó tán fún ọjọ́ náà. Ìyókù ọjọ́ jẹ́ ti àlejò tí mo jẹ́. Tó bá jẹ́ pé wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́ lẹ ń ṣe, tẹ́ ẹ ò rí ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ní ẹ wá kí, ẹ tún ara yín bi ní ìbéèrè kẹta yẹn, kí lẹ bá wá?

Ìdánwò tó tóbi jù kì í wá látọ̀dọ̀ òyìnbó. Ará ilé wa ló máa ń mú un wá, tìfẹ́tìfẹ́. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday, ìyá kan tó jẹ́ ará Ìjùmú, tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ níbẹ̀, dì mọ́ mi, ó ní "Òkun, ọmọ mi, mo gbọ́ pé ìṣirò lo mọ̀, wá bá mi wo ìwé ṣọ́ọ̀bù mi, màá fún ẹ ní £50." Èèyàn mi ni, inú mi sì fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù UK ni, owó UK ni, ilẹ̀ UK ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Mọ́mì, ẹ má bínú, físà tí mo gbé wá ò gbà á, tí mo bá délé a lè jọ sọ ọ́." Mi ò sọ pé màá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ náà, torí òfin ò ya ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀. Nígbà tí mo padà dé Kàbà ló fi ìwé ránṣẹ́, ó ti di kọ́sítọ́mà mi báyìí, láti yàrá mi lẹ́yìn ilé ni mo ti ń ṣe é. Ẹ wá kíyè sí i: nígbà tí mo tún lọ Leeds lẹ́ẹ̀kejì, mo ti ní kọ́sítọ́mà UK nìyẹn, mo sì kọ ọ́ sí i tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀ máa dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo bá wà níbẹ̀. Mo tètè ṣe gbogbo ìwé oṣù yẹn kí n tó wọ bàálù. Lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, ìdáhùn tó kẹ́yìn yẹn náà yí padà: mo ní mo ní ọ̀kan ní UK, mi ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹ̀ títí màá fi délé.

Àìsàn ńkọ́? Ẹ ra ìnṣúránsì ìrìn-àjò. Fún Schengen kò sí àwáwí, €30,000 ló kéré jù tí wọ́n fẹ́. Fún UK wọn ò fipá mú yín, ṣùgbọ́n ìwòsàn ọ̀fẹ́ wọn kì í ṣe ti àlejò, ìwé owó tí ilé ìwòsàn lè gbé fún yín máa ju owó iṣẹ́ oṣù mélòó kan lọ.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lórí yín. Ẹ fi àlámù sórí fóònù, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn.

Ìgbésẹ̀ keje: owó orí, nígbà tẹ́ ẹ bá dé

Àwọn kan rò pé owó dọ́là tí wọ́n ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò kan ìjọba. Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 January 2026, ẹni tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà nilé ẹ̀, gbogbo owó tó bá wọlé fún un, ibi yòówù kó ti wá, wọ́n kà á mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tẹ́ ẹ lò ní Leeds ò sọ yín di ará ibòmíì. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, kò sí owó orí lórí ẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ 15%, ó wá ń gòkè títí dé 25% fún èyí tó bá ju ₦50,000,000 lọ. Tẹ́ ẹ bá ń san owó ilé, 20% ẹ̀ lẹ lè yọ, kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Owó dátà, sólà, àtúnṣe láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ ti iṣẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwa tó ń gbé ìpínlẹ̀ Kogí, KGIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀ wa, la ń san án fún. Kó tó di 31 March lẹ gbọ́dọ̀ ti kọ ti ọdún tó kọjá ránṣẹ́. Ìwé tí wọ́n á fún yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá san án, ẹ má jù ú síbì kankan, òun ni ìwé tó lágbára jù tí mo fi sínú fáìlì físà mi ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá délé náà, kẹ́ ẹ tó tú báàgì, ẹ ya fọ́tò ojú-ewé pásípọ́ọ̀tù tí òǹtẹ̀ wà, ẹ ya bọ́díǹ páàsì àlọ àti àbọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, ẹ kọ orúkọ ìlú àti ọdún sórí ẹ̀. Ẹni tó máa wo fọ́ọ̀mù yín lọ́jọ́ iwájú á bi yín ní ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde fún gbogbo ìrìn-àjò ọdún 10, ibẹ̀ lẹ ti máa kà á fún un.